Wọ́kà Ò Kọ́ Ọmọ Nírìn

Bí obìnrin bá ti bímọ láàárín wa, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi gbé wọ́kà wá. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá ọmọ, ó lè jẹ́ àǹtí kan tó ti òkè òkun dé, ó sì lè jẹ́ aládùúgbò tí ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà kọjá ẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n: kẹ̀kẹ́ roboto onítáyà kéékèèké, tó ní ìjókòó aláṣọ láàárín, tó ní tíréè oníke níwájú tí wọ́n to ohun ìṣeré tó ń kọrin sí. Ní ọjà Balógun l'Ékòó, wọ́n máa ń tò ó lérí ara wọn dé òkè ṣọ́ọ̀bù, tuntun àti tòkunbọ̀. Kí ọmọ lè tètè rìn ni wọ́n á ní àwọn ṣe rà á. Inúure ni wọ́n fi ṣe é, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n bí ìyá tuntun bá bi mí pé ṣé kóun gbé ọmọ sínú ẹ̀, èsì kan náà ni mo máa ń fún un: má gbé e sí i. Ọmọ tèmi kankan ò jókòó nínú ẹ̀ rí. Mo fẹ́ ro ìdí rẹ̀ fún yín, torí pé bí a bá kàn sọ fún ìyá pé "ó léwu," tí a ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní pẹ́ tó fi máa padà gbé e jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bí ẹ bá láàyè lọ́jọ́ kan, ẹ jókòó sílẹ̀ kí ẹ wo ọmọ oṣù mẹ́jọ nínú wọ́kà. Ẹ má wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín ojú rẹ̀ lè mú yín gbàgbé ohun tí ẹ ń wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Gìgísẹ̀ rẹ̀ kì í sábà kanlẹ̀. Orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló fi ń ta ilẹ̀, bí ẹni tó ń fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀ kúrò létí odò. Aṣọ tó wà lábẹ́ ìdí rẹ̀ ló gbé e, ẹsẹ̀ kọ́. Bó bá fẹ́ lọ síwájú, á fi àyà lé tíréè, á ta ẹsẹ̀ sẹ́yìn, táyà á yí, òun náà á sì bá a lọ. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á kàn sọ ara sílẹ̀, aṣọ á gbà á dúró, kò sì ní mọ̀ pé òun ì bá ti ṣubú. Bó bá wolẹ̀, tíréè ló máa rí. Kò lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò sì lè rí ibi tó ń fi wọ́n tẹ̀.

Ọmọ tó bá fẹ́ dá rìn gbọ́dọ̀ lè fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gbé gbogbo ara rẹ̀ nígbà tí èkejì bá wà lókè. Iṣan ìbàdí àti ti itan ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, pẹ̀lú ti ẹ̀yìn àti ti ikùn tó ń mú ara nàró. Ó tún gbọ́dọ̀ máa fura nígbà tí ara bá fẹ́ dà sẹ́yìn, kó tètè fà á padà. Bí kò bá sì rí i fà, kó mọ bí wọ́n ṣe ń fìdí jókòó wọ̀ọ́, tàbí kó fọwọ́ gbalẹ̀ kí orí tó débẹ̀. Wọ́kà gba gbogbo ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣan ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ nìkan ló ń lò, ìyẹn náà lórí ọmọ ìka.

Àwọn tó ti fi ìwọ̀n sí i wà. Ní 2002, BMJ, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé iṣẹ́ àwọn olùwádìí láti Ireland jáde lórí ọmọ 190. Wọ́n ro wákàtí tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti lò nínú wọ́kà pọ̀, wọ́n wá fi wé ìgbà tó dá dúró àti ìgbà tó dá rìn. Ohun tí wọ́n rí ni pé ní gbogbo wákàtí 24 tí ọmọ bá lò nínú ẹ̀, dídá rìn rẹ̀ máa ń fi bí ọjọ́ 3.3 pẹ́ sí i, dídá dúró rẹ̀ náà á sì fi bí ọjọ́ 3.7 pẹ́. Ọmọ tó bá ń lo wákàtí kan lójúmọ́ yóò pé wákàtí 24 kí oṣù kan tó pé. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1999, Siegel àti Burton ní Amẹ́ríkà ti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ 109, wọ́n sì rí i pé àwọn tó ń lo wọ́kà pẹ́ ju àwọn tí kò lò ó lọ kí wọ́n tó jókòó, kí wọ́n tó rákòrò, kí wọ́n tó rìn. Àwọn tí tíréè bo ẹsẹ̀ wọn mọ́ wọn lójú ló kó àárẹ̀ rẹ̀ jù.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ pé, "Ọmọ tèmi lò ó, oṣù mẹ́wàá ló rìn." Mo gbà á gbọ́. Ọmọ tó máa rìn ní oṣù mẹ́wàá á rìn ní oṣù mẹ́wàá, bí a bá gbé e sí wọ́kà, bí a ò sì gbé e sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tọpa ọmọ tí ara wọn le láti orílẹ̀-èdè márùn-ún, Ghana tí kò jìnnà sí wa sì wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ síta ní 2006, àwọn tó tètè dá rìn ṣe é ní bí oṣù mẹ́jọ, àwọn tó pẹ́ sì lé ní oṣù mẹ́tàdínlógún. Gbogbo wọn ló pé, gbogbo wọn ni ara wọn le. Àwọn díẹ̀ tiẹ̀ wà tí kò rákòrò rárá, tí wọ́n fi ìdí wọ́ títí wọ́n fi dìde. Inú àlàfo gbọ̀ọ̀rọ̀ yìí ni àwa ti máa ń fi ọmọ wa wé ọmọ ará ilé kejì, tí à ń sọ pé èyí yá, èyí ò yá, tí à ń wá ohun tí a máa rà.

Ó sì ń yà mí lẹ́nu pé àwa ni à ń ra nǹkan láti fi kọ́ ọmọ nírìn. Ẹ̀kọ́ ìrìn ọmọ wà nílẹ̀ Yorùbá kí ike tó dé. Ẹni tó bá ti rí ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ mọ ohun tí mò ń sọ. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ, kànrìnkàn tó rọ̀. Bó bá ti wẹ̀ ẹ́ tán, á fi òrí ra gbogbo oríkèé rẹ̀: á na apá ọ̀tún pàdé ẹsẹ̀ òsì, á na apá òsì pàdé ẹsẹ̀ ọ̀tún, á fọwọ́ tẹ ìbàdí, á ká orúnkún, á tún nà án. (Jíju ọmọ sókè ní tèmi ni kí wọ́n fi sílẹ̀, ọrùn ọmọ tuntun ò tíì gbé orí rẹ̀.) Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jókòó, wọ́n á fi ìró ká a lẹ́yìn nínú abọ́ ńlá, á máa mì síhìn-ín mì sọ́hùn-ún títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi gbó. Lẹ́yìn náà, wọ́n á mú un lápá méjèèjì gbé e nàró sórí itan, á máa fẹsẹ̀ janlẹ̀ bó ṣe wù ú. Ọmọ ọdún méje á na ọwọ́ sí i láti ọ̀ọ́kán, gbogbo ilé á máa pàtẹ́wọ́: "Ó dúró! Ó dúró!"

Ẹ má pe èyí ní eré lásán. Charles Super, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí láàárín àwọn Kipsigis ní Kẹ́ńyà, kọ ọ́ ní 1976 pé àwọn ọmọ wọn tètè jókòó, wọ́n sì tètè rìn ju àwọn ọmọ Amẹ́ríkà lọ, torí pé àwọn ìyá wọn ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ wọn ní ìjókòó àti ìrìn lójoojúmọ́. Ohun tí wọn ò kọ́ wọn, wọn ò tètè ṣe é. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe iṣẹ́ náà. Ọwọ́ tó di ọmọ mú mọ ìgbà tó yẹ kó dì í le, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó tú u sílẹ̀ díẹ̀ kí ara ọmọ wá ìdúró fúnra rẹ̀. Aṣọ ìjókòó wọ́kà kò mọ èyí. Bákan náà ló ṣe ń di ọmọ mú láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dì í mú lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìṣubú náà wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ń gbé ọmọ sí wọ́kà kó má baà ṣubú. Ṣùgbọ́n Karen Adolph àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ka ìṣísẹ̀ àwọn ọmọ tó wà láàárín oṣù 12 sí 19 bí wọ́n ṣe ń ṣeré, wọ́n sì gbé e jáde ní 2012: láàárín wákàtí kan, ọmọ á gbé ìṣísẹ̀ bí 2,368, á sì ṣubú bí ìgbà 17. Nínú wákàtí kan péré! Á ṣubú, á dìde, á wo ojú ìyá rẹ̀. Bí ìyá ò bá pariwo, á máa bá tirẹ̀ lọ. Láti ìdúró rẹ̀ sí ilẹ̀ kò jìnnà, ìdí rẹ̀ sì rọ̀. Irú ìṣubú yìí kì í sábà pa ọmọ lára, òun ló sì ń kọ́ ọ bí ara ṣe ń dúró.

Ìṣubú inú wọ́kà ni ká bẹ̀rù. Ìròyìn kan tó jáde ní 2018 nínú ìwé ìròyìn Pediatrics ní Amẹ́ríkà sọ pé láti 1990 sí 2014, àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n gbé dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù nítorí wọ́kà lé ní 230,000. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ló jẹ́ pé orí tàbí ọrùn ni wọ́n fi gbá. Bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jẹ́ pé orí àtẹ̀gùn ni wọ́n ti já bọ́. Wọ́kà ò ní bíréèkì tí ọmọ lè tẹ̀, ọmọ náà ò sì mọ̀ pé ilẹ̀ lè tán níwájú òun. Nígbà tí wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń ṣe é padà, tí wọ́n fi rọ́bà sí abẹ́ rẹ̀ tó máa ń gbalẹ̀ mú bí táyà bá fẹ́ já kúrò létí àtẹ̀gùn, iye tó ń fara pa lọ́dún wálẹ̀ láti ohun tó lé ní 20,000 ní 1990 sí bí 2,000 ní 2003. Ìjọba tún fi òfin tì í lẹ́yìn ní 2010. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ṣì ń sọ pé kí wọ́n fòfin dè é pátápátá. Kí àwa tí à ń ra tòkunbọ̀ rò ó wò: rọ́bà abẹ́ èyí tí ọmọ méjì ti lò, tó ti wọ àpótí ọkọ̀ ojú omi wá, ṣé ó ṣì lè gbalẹ̀ mú?

Ẹlòmíràn á ní ilé tòun ò ní àtẹ̀gùn. Ilé tèmi náà ò ní. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé wa bó ṣe rí. Ẹnu ọ̀nà tó ga ju àgbàlá lọ wà, gọ́tà tí kò ní ìdérí wà níwájú ilé, sítóòfù wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú kọ̀rídọ̀, omi ẹ̀bà ń hó lórí rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, páìpù èéfín rẹ̀ gbóná janjan. Kẹrosíìnì wà nínú ike omi tí a rà mu lánàá. Ọmọ oṣù mẹ́jọ tó ń rákòrò kì í yára dé ìdí àwọn nǹkan wọ̀nyí, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ga ju ìsàlẹ̀ tábìlì lọ. Ẹ gbé ọmọ yìí kan náà sínú wọ́kà, ó ti ga, ó sì ti yára. Ó lè rìn tó bíi mítà kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Aṣọ orí tábìlì ti wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, fíláàsì tíì ló wà lórí aṣọ náà. Ìyá tó dúró sídìí ọpọ́n ìfọbọ́ tó ń wò ó lójú korokoro ò ní lè débẹ̀. Èyí ló yẹ kí ẹni tó ń sọ pé "èmi máa ń ṣọ́ ọmọ mi" gbọ́: púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń fara pa nínú wọ́kà, àgbàlagbà wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ wọn.

Bí omi gbígbóná bá sì da sí ọmọ lára, bó jẹ́ nípa wọ́kà ni o, bí kò jẹ́ nípa rẹ̀ ni o, ẹ má fi ẹyin tútù sí i, ẹ má fi ògì sí i, ẹ má fi kẹrosíìnì sí i. Omi tútù tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sójú ibẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé e lọ ọsibítù.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Calgary. Nígbà tó bímọ, màmá wa fẹ́ fi wọ́kà rán ẹni tó ń lọ sí Kánádà sí i, pẹ̀lú àwọn nǹkan jíjẹ tí a dì. Àbúrò mi pè mí lálẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Màmá kí wọ́n má fowó wọn ṣòfò. Wọn ò gbọdọ̀ tà á níbí." Òótọ́ ló sọ. Láti oṣù kẹrin ọdún 2004 ni Kánádà ti fòfin de títà rẹ̀, kíkó o wọ̀lú fún títà àti pípolówó rẹ̀, kódà tòkunbọ̀ tí èèyàn fẹ́ tà níwájú ilé ara rẹ̀; àwọn ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ọmọ tiwọn kì í rìn ni?"

"Wọ́n ń rìn, Màmá."

"Láìsí wọ́kà?"

"Láìsí wọ́kà, mà. Bí àwa náà ṣe rìn."

Ìgbà náà ni wọ́n rántí pé kò sí ìkankan nínú àwa ọmọ wọn tó jókòó nínú ẹ̀ rí. Ìyá wọn ló ń gbé wa.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: a ń sọ pé nítorí ìrìn ni, ṣùgbọ́n ohun tí à ń fi owó wọ́kà rà ni ọwọ́ òfìfo. Ìyá máa gbé ọmọ sí i kó lè pọn omi, kó lè ro àmàlà, kó lè dá oníbàárà lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù, kó lè lọ ilé ìyàgbẹ́. Ìyá àgbà tó máa ń gbé ọmọ wà nílé lọ́hùn-ún, bí wákàtí mẹ́ta sí ibi tí ọmọ ń gbé. Bàbá ọmọ kúrò nílé ní aago márùn-ún ìdájí, mọ́tò ò jẹ́ kó tètè dé. Obìnrin náà dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá kan. Mi ò lè bínú sí i. Bí àwa tí à ń sọ pé wọ́kà ò dára ò bá sọ ohun tí obìnrin yìí máa fi ọmọ rẹ̀ ṣe láàárín aago mẹ́wàá sí aago mẹ́rin, a ò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ wà. Pọ̀n ọ́n. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kò lè ṣubú sí àtẹ̀gùn, ó ń gbọ́ ohùn, ó ń rí ohun tí ìyá ń ṣe, ọrùn rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ bí ìyá ṣe ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè pọn ọmọ síwájú iná, kò sì lè pọ̀n ọ́n látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀yìn ń dun ni. Nítorí náà ọmọ gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ tirẹ̀. Ẹní kan ní igun yàrá tó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti sí wáyà iná. Ọmọrí ìkòkò méjì, ṣíbí onígi, igbá, ike òfìfo tó tóbi tí kò lè gbé mì. Kí ẹ dojú ọmọ délẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá dá, kó máa gbé orí, kó máa fi apá ti ara rẹ̀ sókè. Àpótí kan tó wúwo, tí kò lè ṣí nídìí, kó lè dì í mú dìde nígbà tó bá yá, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn yí i ká. Lára àpótí yẹn ni púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìrìn wà: á tú ọwọ́ kan sílẹ̀, á tú èkejì, á dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, á tún yára dì í mú.

Bí ọmọ bá ti ń rìn kiri tí ọwọ́ ìyá sì dí, ọgbà kékeré ló kàn. Káfíńtà àdúgbò lè fi pákó tó dán kan án, ní igun mẹ́rin, kí gíga rẹ̀ má jẹ́ kí ọmọ lè gùn ún kọjá, kí àlàfo àárín igi kan sí èkejì má ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ kí orí ọmọ má baà há. Lọ́wọ́ káfíńtà yẹn kan náà, ẹ lè rí kẹ̀kẹ́ onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀ tì kiri. Mi ò ka ìyẹn mọ́ wọ́kà. Ọmọ ló gbé ara rẹ̀ dúró níbẹ̀, ó ń rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, bó bá sì jáwọ́, á jókòó sílẹ̀. Kìkì pé kó jẹ́ ọmọ tó ti lè dá dìde, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹnìkan sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn kíréṣì wa pàápàá ni mo fẹ́ kí àwọn òbí máa yọjú sí lójijì. Mo wọ ọ̀kan tí ọmọ bíi mélòó kan wà nínú wọ́kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́wọ́ ọ̀sán, obìnrin kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ gbogbo wọn, tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn. Wọn ò sunkún, yàrá náà mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ò sí nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mú kíréṣì fún ọmọ, ẹ wo ilẹ̀ wọn kí ẹ tó wo ògiri tí wọ́n ya àwòrán sí.

Ohun tó ń dùn mí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ tó pẹ́. Níbi tí a ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo jókòó ti obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ ti lé ní ọdún kan àbọ̀ tí kò tíì lè dúró. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ti ṣe. Wọ́n ní kó ri ẹsẹ̀ ọmọ mọ́ yẹ̀pẹ̀ ní òwúrọ̀, ó rì í. Wọ́n ní àgbo báyìí, ó sè é. Wọ́n ní wọ́kà, ó yáwó rà á. Ojoojúmọ́ ló ń gbé e sí i, ọmọ náà á sì jókòó sínú ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á le, wọ́n á pàdé ara wọn bí ọ̀bẹ àlùmọ́gàjí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í ní ìbéèrè ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde pé ọmọ náà ò tètè sunkún nígbà tí wọ́n bí i. Wọ́kà náà ti jẹ wọ́n ní oṣù púpọ̀ tó yẹ kí wọ́n ti fi rí dókítà.

Ọmọ tí kò tètè mí nígbà ìbí, ọpọlọ rẹ̀ lè ti fara gbá. Ọmọ tí ibà pọ́njú mú gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ẹyinjú àti awọ ara rẹ̀ di pupa rúsúrúsú tí a ò sì tètè gbé e lọ sí ọsibítù tí wọ́n á ti tan iná ìwòsàn sí i lára, ọpọlọ tirẹ̀ náà lè gbà á. (Oòrùn òwúrọ̀ nìkan ò tó fún èyí tó bá le. Ẹ má sì fi kàfúrà sínú aṣọ ọmọ tuntun: àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò gba òórùn rẹ̀, ó sì lè mú ibà pọ́njú náà le sí i.) Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀, tó ń dùn ún láti fi rìn, egungun rẹ̀ ló rọ̀. Ní Jos, ìwádìí kan tó jáde ní 1999 fi hàn pé nínú àwọn ọmọ wa tó ní irú àrùn egungun yìí, kálísíọ́ọ̀mù ló sábà máa ń ṣọ̀wọ́n nínú oúnjẹ wọn, oòrùn kọ́. Ọ̀rọ̀ dókítà ni, ọ̀rọ̀ wàrà àti ẹja kéékèèké tí a ń jẹ teegunteegun ni. Kò sí èyí tí kẹ̀kẹ́ oníke lè ṣe nǹkan kan sí nínú wọn.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án tí kò lè dá jókòó, ẹ gbé e lọ. Bó bá pé oṣù méjìdínlógún tí kò dá rìn, ẹ gbé e lọ. Bó bá ń le gbagidi, tàbí tí ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, tàbí tó jẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń lò, tàbí tí ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ ń lọ, ẹ má dúró kó pé oṣù kankan. Àwọn onífisiotẹ́rápì wà ní àwọn ọsibítù ńlá, bíi UCH n'Íbàdàn, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fọwọ́ kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀, ó máa ń ràn án lọ́wọ́. Kí ìyá ọkọ má sì fi ọ̀rọ̀ gún ìyàwó lára pé ìran wọn kì í pẹ́ rìn. Obìnrin náà kọ́ ló ṣe é.

Fún ẹni tó ń bọ̀ wá kí ọmọ tuntun, bí ẹ bá bi mí, owó wọ́kà ra ẹní tó nípọn, ó tún kù. Bí ẹ bá sì lè fi ọjọ́ Sátidé kan wá gbé ọmọ kí ìyá rẹ̀ lè sùn wákàtí mẹ́ta, ìyẹn á dùn mọ́ ọn ju ohunkóhun tó wà nínú àpò ẹ̀bùn lọ. Ẹni tí tirẹ̀ ti wà nílé, kó má tà á, kó má sì fi tọrẹ. Ohun tí àwọn aláṣẹ ìlera Kánádà ń sọ fún àwọn ará ìlú wọn ni pé kí wọ́n bà á jẹ́ kí wọ́n tó dà á nù. Ẹ yọ gbogbo táyà rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ ya aṣọ ìjókòó, ẹ ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sí méjì, torí àwọn tó ń ṣa ike kì í fi èyí tó ṣì dára sílẹ̀, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì rí ìyá ọlọ́mọ míì tà á fún kó tó di ọjọ́ ọjà.